Ìgbà òtútù ní Ìlú Ọba: bí owó ilé kò ṣe ní bá iná àti gáàsì lọ

Ẹni tó bá ti ilé dé Ìlú Ọba lóṣù Kẹsàn-án máa ń rò pé òun mọ òtútù. Ó ti rí ọyẹ́ rí: ètè tó ń bó, gìgísẹ̀ tó ń sán, ẹ̀wù òtútù tí ìyá ń wọ̀ fúnni kí a tó lọ síléèwé láàárọ̀. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti gòkè, ọyẹ́ á rọlẹ̀. Òtútù ibí kì í rọlẹ̀. Lóṣù Kejìlá, ní Lọ́ńdọ̀nù, oòrùn ti ń wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, ilẹ̀ kì í sì í mọ́ títí di nǹkan bí aago mẹ́jọ. Inú òkùnkùn gígùn yẹn ni owó ilé ń bá lọ.

Ìgbà òtútù àkọ́kọ́ tí mo lò níbí, yàrá kan ni mo háyà ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Mo ra híítà kékeré oníná, mo ń tàn án mọ́jú. Mítà oníkáàdì la ń lò, £20 tí mo rò pé yóò tó ọ̀sẹ̀ kan kì í ju ọjọ́ mẹ́rin lọ. Nígbà tó yá, mo ń wọ kóòtù sùn. Mò ń náwó, òtútù sì tún ń mú mi. Nílé, bí wọ́n bá ti mú iná lọ, ìnáwó dáwọ́ dúró nìyẹn. Níbí, iná kì í lọ, kò sì sẹ́ni tó máa sọ fún yín pé ó ti tó. Àwọn ohun tí mo kọ́ láti ìgbà náà ni mo kó jọ síbí, ní ẹsẹẹsẹ bí mo ṣe máa ń ṣe é láti ìparí oṣù Kẹwàá, tí wọ́n bá ti dá aago padà sẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ka mítà kí ẹ tó ṣe ohunkóhun

Ọjọ́ tí ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́ ilé ni kí ẹ ti ya fọ́tò mítà iná àti ti gáàsì. Ẹ pe iléeṣẹ́ tó ń ta iná fún ilé náà, ẹ fún wọn ní nọ́ńbà tó wà lójú mítà, ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ yín sí i láti ọjọ́ yẹn lọ. Bó bá jẹ́ mítà oníkáàdì tàbí oníkọ́kọ́rọ́, ẹ má tíì fowó sí i kí ẹ tó pè wọ́n. Gbèsè ẹni tó kó jáde lè wà nínú rẹ̀, tí yóò máa jẹ owó tiyín díẹ̀díẹ̀. Mo mọ ìdílé kan tó san gbèsè ẹlòmíràn fún oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó fura.

Lẹ́yìn náà, ẹ máa fi nọ́ńbà ránṣẹ́ lóṣooṣù, àfi bí ẹ bá ní smart meter tó ń ròyìn fúnra rẹ̀. Bí wọn ò bá rí nọ́ńbà gbà, wọ́n á fojú díwọ̀n ohun tí ẹ lò. Ẹ yẹ bíìlì wò dáadáa: lẹ́tà E lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà mítà sábà máa ń túmọ̀ sí pé wọ́n fojú díwọ̀n ni. Èmi ti rí bíìlì bẹ́ẹ̀ tó fi ju £200 lọ sókè ju ohun tó wà lójú mítà.

Wàyí o, ìṣirò. Yúníìtì kan ni ohun èlò oníwáàtì 1,000 máa jẹ ní wákàtí kan. Láàárín oṣù Kẹwàá 2025 sí oṣù Kẹta 2026, yúníìtì iná kan ń lọ ní bíi 26 sí 28 pẹ́ńsì, ti gáàsì sì ń lọ ní bíi 6 pẹ́ńsì. Ẹ tún un kà. Owó yúníìtì iná kan tó ra yúníìtì gáàsì mẹ́rin. Híítà oníwáàtì 2,000 tí mò ń tàn mọ́jú yẹn ń jẹ yúníìtì méjì ní wákàtí kan, ìyẹn bíi 54 pẹ́ńsì. Ní wákàtí mẹ́jọ, ó ti di £4.32. Ní ọgbọ̀n ọjọ́, bíi £130, nínú yàrá kan ṣoṣo. Bó bá jẹ́ bọ́ílà gáàsì, ẹ̀rọ tó ń sun gáàsì láti mú omi àti ilé gbóná, ló pèsè ooru kan náà, owó rẹ̀ kò ní tó ìdá mẹ́ta rẹ̀.

Owó ojúmọ́ tún wà, èyí tí wọ́n ń pè ní standing charge. Ẹ tan iná o, ẹ ò tàn án o, ẹ máa san án. Ti iná àti gáàsì pọ̀ lé ní 80 pẹ́ńsì lójúmọ́ ní àkókò tí mo sọ yẹn. Ẹni tó ń lo mítà gáàsì oníkáàdì, tí kò fowó sí i ní gbogbo ìgbà ooru, gbèsè ló máa bá pàdé lọ́jọ́ òtútù àkọ́kọ́. Ẹ máa fi bíi £10 sí i lóṣooṣù nígbà tí ojú ọjọ́ ṣì dára.

Ofgem, àjọ tó ń mójú tó ọjà iná àti gáàsì, ló ń fi gbèdéke lé iye tí iléeṣẹ́ lè gbà, oṣù mẹ́tamẹ́ta ni wọ́n sì ń yí i padà: oṣù Kìíní, oṣù Kẹrin, oṣù Keje, oṣù Kẹwàá. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa gbọ́ iye tí wọ́n ń kéde nínú ìròyìn, wọ́n wá rò pé bíìlì àwọn ò lè kọjá ibẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orí yúníìtì kọ̀ọ̀kan àti owó ojúmọ́ ni gbèdéke náà wà. Ẹni tó bá lo púpọ̀ yóò san púpọ̀.

Fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ máa kọ nọ́ńbà mítà sílẹ̀ láràárọ̀, kí ẹ sì kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: a fọ aṣọ, a lo oven, àlejò sùn sílé. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ẹ máa mọ ohun tó ń jẹ yín lówó, kò sì ní jẹ́ ohun tí ẹ rò.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mọ irú ohun tó ń mú ilé yín gbóná

Ibí ni mo fẹ́ fara balẹ̀ sí jù. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, mímú yàrá àti omi gbóná ló ń kó èyí tó ju ìdajì nínú gbogbo iná àti gáàsì tí ilé ń lò. Gílóòbù tí a ń torí rẹ̀ pariwo mọ́ ọmọ kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn.

Bí ẹ bá ní bọ́ílà gáàsì, ẹ fi thermostat, ohun tó ń díwọ̀n ooru yàrá tó sì ń pàṣẹ fún bọ́ílà, sí ìwọ̀n Celsius 18 sí 20. Ìwọ̀n 18 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí pé kí inú ilé má ṣe wálẹ̀ jù lọ nígbà òtútù. Bí àgbàlagbà, ọmọ kékeré tàbí aláìsàn bá wà nílé, ẹ má torí owó lọ sísàlẹ̀ rẹ̀. Bí a bá ti ìta wọlé tí ọwọ́ ti kú, ohun tó máa ń wá síni lọ́kàn ni kí a yí i dé 30 kí ilé lè tètè gbóná. Kò ní tètè gbóná. Bọ́ílà ò mọ̀ pé ẹ ń kánjú. Ìgbà tó yẹ kó dúró ni kò ní dúró.

Ẹ lo aago bọ́ílà. Kó tàn ní bí ìdajì wákàtí kí ẹ tó jí, kó kú díẹ̀ kí ẹ tó jáde, kó tún tàn kí àwọn ọmọ tó ti iléèwé dé. Àwọn kan máa ń sọ pé ó sàn kó máa tàn díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ilé, kò sàn. Ní gbogbo wákàtí tí inú ilé bá fi gbóná ju ìta lọ ni ooru ń jò jáde, ẹ̀yin lẹ sì ń sanwó èyí tó jò.

Bó bá jẹ́ combi ni bọ́ílà yín, ìyẹn èyí tí kò ní táǹkì omi gbígbóná, ẹ wá bọ́tìnnì tí wọ́n ya rédíétọ̀ (irin ara ògiri tí omi gbígbóná ń gbà kọjá) sí lára. Òun ló ń sọ bí omi tó ń lọ sínú rédíétọ̀ yóò ṣe gbóná tó. Ní ọ̀pọ̀ ilé, 75 tàbí 80 ni wọ́n fi í sí. Ẹ mú un wálẹ̀ sí 60. Ilé á pẹ́ díẹ̀ kó tó móoru, ṣùgbọ́n bọ́ílà òde òní ń rí ooru fà jáde dáadáa nínú gáàsì bí omi tó ń padà sínú rẹ̀ kò bá gbóná jù. Ohun kan tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi fún ọdún mẹ́rin nìyí, kò sì gba ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó ní táǹkì kó má ṣe é láìbéèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́, nítorí omi inú táǹkì gbọ́dọ̀ gbóná dé 60 kí kòkòrò àrùn má bàa gbé inú rẹ̀.

Bí nọ́ńbà 1 sí 5 bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíétọ̀, ẹ fi ti yàrá tí ẹnikẹ́ni kì í lò sí 1, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí orí rédíétọ̀ bá tutù tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì gbóná, afẹ́fẹ́ ló há sínú rẹ̀. Ẹ pa bọ́ílà, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ kékeré tí wọ́n ń tà ní ilé ìtajà irinṣẹ́ tú ojú ihò tó wà lókè, ẹ gbé àkísà sábẹ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ á fọn jáde. Bí omi bá ti ń kán, ẹ dì í padà.

Ọ̀pọ̀ fúlàtì gíga ni kò ní gáàsì rárá. Storage heater ló wà níbẹ̀: àpótí ńlá tó wúwo lára ògiri, bíríkì wà nínú rẹ̀ tó ń gba ooru pamọ́ lóru nígbà tí iná dínwó, tó sì ń tú u sílẹ̀ lójú ọ̀sán. Wákàtí méje lóru ni iná fi ń dínwó lórí ètò tí wọ́n ń pè ní Economy 7. Bọ́tìnnì méjì ló wà lórí rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ input sí ń sọ iye ooru tó máa kó pamọ́ lóru. Èyí tí wọ́n kọ output sí ń sọ bó ṣe máa tú u jáde. Kí ẹ tó sùn, ẹ yí output wálẹ̀ pátá. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ ní gíga, gbogbo ooru á ti tán kí ẹ tó ti ibi iṣẹ́ dé. Ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbà òtútù méjì gbáko: ilé rẹ̀ ń gbóná láago mẹ́ta òru, ó ń tutù láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ó wá ń tan híítà mìíràn lórí owó ọ̀sán. Ọjọ́ tí a jọ yí bọ́tìnnì náà, ó ní òun ti rò pé ẹ̀rọ náà bàjẹ́ ni. Bí ẹ bá wà lórí ètò yìí, òru náà ni kí ẹ máa mú omi gbóná.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ dí ibi tí ooru ń gbà sálọ

Kí a máa mú ilé gbóná nígbà tí abẹ́ ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, fífi agbọ̀n pọn omi ni. Ní alẹ́ tí atẹ́gùn bá ń fẹ́, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ sí etí fèrèsé, abẹ́ ilẹ̀kùn àti ihò tí wọ́n ń ti lẹ́tà bọ̀. Ibi tí ọwọ́ yín bá ti tutù, ibẹ̀ ni. Ìró ògbólógbòó kan tí ẹ ká, tí ẹ rán pọ̀, tó abẹ́ ilẹ̀kùn. Ọ̀rá tín-ín-rín tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fèrèsé, tí a ń fi ẹ̀rọ ìgbẹrun nà kó lè fà, ń ṣiṣẹ́ gidi lórí fèrèsé onígíláàsì kan. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ fa kọ́tìnì, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó bo rédíétọ̀. Ẹ sún àga kúrò níwájú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun kan wà tí ẹ ò gbọ́dọ̀ dí: ihò afẹ́fẹ́ tí wọ́n dìídì fi sára ògiri tàbí fèrèsé. Bí ọ̀rinrin aṣọ tí a sá sínú ilé, ti ìkòkò ọbẹ̀ àti ti ìwẹ̀ kò bá rí ọ̀nà jáde, ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í bu, dúdú á máa ràn lára rẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ọmọ á sì máa fà á símú. Ọmọ ọdún méjì kan, Awaab Ishak, kú ní Rochdale, ìlú kan ní England, lóṣù Kejìlá 2020 nítorí irú ilé bẹ́ẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ ti ń fi ẹjọ́ ilé náà sùn tipẹ́. Òfin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè bẹ̀rẹ̀ ní England ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá 2025, ó sì fi àkókò pàtó lé e tí káńsù àti housing association (àjọ tó ń fi ilé háyà fún àwọn tí owó wọn kò pọ̀) gbọ́dọ̀ wá yẹ ilé wò kí wọ́n sì tún un ṣe. Nítorí náà, ẹ ṣí fèrèsé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn ìwẹ̀ àti ìdáná, òtútù ìbáà mú. Bí ògiri bá sì bu, ẹ ya fọ́tò, ẹ kọ lẹ́tà sí onílé, ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé oúnjẹ tí ẹ ń sè ló fà á.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ mú ara gbóná

Ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta sàn ju ẹ̀wù nípọn kan lọ, nítorí afẹ́fẹ́ tó wà láàárín wọn ló ń gba ooru dúró. Ẹ ra kóòtù ní ṣọ́ọ̀bù charity, ibi tí wọ́n ń ta ohun tí àwọn èèyàn ti lò rí, pàápàá ní àdúgbò olówó. Tèmi tí mo ṣì ń wọ̀, £12 ni. Duvet, ìbora nípọn, tó jẹ́ 13.5 tog (ìwọ̀n bó ṣe ń gba ooru dúró) ló tó ìgbà òtútù. Bùláńkẹ́ẹ̀tì oníná kì í sábà ju wáàtì 100 lọ: bí ẹ bá tàn án fún wákàtí kan kí ẹ tó wọ ibùsùn, kò tó 3 pẹ́ńsì. Ẹ fi èyí wé £4.32 tí mò ń ná lóru. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé e, ẹ má sì gbé rọ́bà omi gbígbóná, sínú ibùsùn ọmọ ìkókó. Yàrá tó wà láàárín 16 sí 20 tó fún ọmọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé èédú wọlé. Ẹ má sì fi iná gáàsì ìdáná tàbí oven tó ṣí sílẹ̀ mú yàrá gbóná. Carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tí irú iná bẹ́ẹ̀ lè tú jáde, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pa ìdílé mọ́ ojú oorun. Ẹ ra aago tó ń kìlọ̀ fún un. Bí orí bá ń fọ́ gbogbo yín lẹ́ẹ̀kan náà tí ara sì yá bí ẹ bá ti jáde síta, ẹ pa bọ́ílà, ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ jáde, kí ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì gáàsì, 0800 111 999.

Ìgbésẹ̀ 5: Ilé ìdáná àti aṣọ fífọ̀

Ẹ̀wà ọlọ́yin ló kọ́kọ́ yẹ kí ẹ wò. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ sè é nínú pressure cooker, ohun tó ń gba wákàtí kan àtààbọ̀ á jinná kí ìdajì wákàtí tó pé. Ẹran ṣàkì náà ńkọ́? Bákan náà ni. Ata ọbẹ̀, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sè é, ẹ dín in lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ pín in sínú ike, kó wọ fírísà. Ata rodo máa ń gbówó lórí nígbà òtútù, nítorí náà mo máa ń ra ti oṣù Kẹsàn-án pamọ́ sínú fírísà. Fún ẹ̀fọ́ rírò, sípínáàṣì dídì tí wọ́n ń tà ní súpámákẹ́ẹ̀tì kò wọ́n, ẹ ṣáà fún omi rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó dà á sínú ọbẹ̀. Ìrẹsì, gààrí àti iṣu, ẹ bá ìdílé méjì mìíràn dáwó jọ, kí ẹ ra àpò ńlá ní ọjà Peckham tàbí ti Ridley Road ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ẹ pín in. Ẹ máa dé ìkòkò. Ní ìrọ̀lẹ́, súpámákẹ́ẹ̀tì ń lẹ ìwé aláwọ̀ ìyeyè mọ́ búrẹ́dì àti ẹran tó kù dẹ̀dẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ pé. Fírísà ń dá ọjọ́ náà dúró bí ẹ bá tètè gbé e síbẹ̀.

Ẹ fi omi ìwọ̀n 30 fọ aṣọ. Ẹ̀rọ ìgbẹṣọ àtijọ́ lè jẹ yúníìtì mẹ́rin sí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, ó lé ní £1. Ìkọ́ṣọ oníná tí kò ju wáàtì 300 lọ, pẹ̀lú fèrèsé tó ṣí díẹ̀, sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ gba ohun tó jẹ́ tiyín

Ilé tó jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ alákòókò-kíkún nìkan ló ń gbé inú rẹ̀ kì í san council tax, owó tí káńsù ń gbà lórí ilé. Ẹni tó ń dá gbé yóò rí ìdá kan nínú mẹ́rin yọ. Ẹ̀tọ́ yín ni méjèèjì, wọn ò sì sí lára owó ìrànwọ́ tí físà kà léèwọ̀. Àmọ́ ìdínkù council tax fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré wà lára rẹ̀, nítorí náà ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sórí físà yín kí ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kankan.

Fún ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ìrànwọ́ ìjọba, Warm Home Discount ń yọ £150 nínú bíìlì iná, ṣùgbọ́n orúkọ onítọ̀hún tàbí ti ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí bíìlì náà. Ọ̀pọ̀ ló ń pàdánù rẹ̀ nítorí pé orúkọ ọmọ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Fún bàbá àti ìyá tó ti dé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì ní England àti Wales, £200 tàbí £300 ni Winter Fuel Payment, owó ìrànwọ́ ìgbà òtútù.

Bí ẹ bá ti jẹ gbèsè, ẹ má fi bíìlì pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ pe iléeṣẹ́ náà, ẹ sọ iye tí agbára yín ká. Òfin Ofgem ní kí wọ́n bá yín ṣètò sísan rẹ̀ bí ẹ ṣe lè san án. Bí wọ́n bá sì fi bíìlì ohun tí ẹ lò ní ohun tó ju oṣù 12 sẹ́yìn ránṣẹ́ lójijì, tó sì jẹ́ pé àṣìṣe tiwọn ni, wọn ò lè gbà á. Citizens Advice, àjọ tó ń gba aráàlú nímọ̀ràn, máa bá yín sọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ fi àjọ àti oṣù méjì tó ṣófo gbára dì

Bí ẹ bá ń dá àjọ, ẹ bẹ olórí àjọ kó fún yín ní oṣù Kejìlá tàbí oṣù Kìíní. Ọ̀pọ̀ káńsù sì ń pín council tax sí ọ̀nà 10, láti oṣù Kẹrin sí oṣù Kìíní, wọn kì í gba nǹkan kan lóṣù Kejì àti oṣù Kẹta. Ẹ má jẹ́ kí owó oṣù méjèèjì bá ọjà lọ. Ẹ fi ọ̀kan san bíìlì òtútù tó kù, ẹ fi díẹ̀ nínú èkejì ra kóòtù ọmọ fún ọdún tó ń bọ̀, ní ìwọ̀n kan tó tóbi ju tìsinsìnyí lọ, nígbà tí wọ́n ń tà á ní ẹ̀dínwó.

Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, ẹ ka mítà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ kí ẹ tó sùn. Owó yúníìtì ń yí padà lọ́jọ́ kejì, kò sì yẹ kí wọ́n fi owó tuntun ṣírò yúníìtì àná.